Màámi, A Ti Fi Orúkọ Yín Dá Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀ Nílé

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kó dúró dáadáa kí n tó wá rò ó fún yín. Ó ti dúró báyìí. A ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, Màámi. Kì í ṣe ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí o. Abẹ́òkúta ni, pẹ̀lú ìwé ìjọba, pẹ̀lú límítẹ́ẹ̀dì nídìí orúkọ rẹ̀. Orúkọ yín ló sì ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé páálọ̀ níbi tí ẹ fi í sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rò pé màá gbé e fún ẹnì kan nínú ìjọ wa ní Bermondsey. Kí n tó rí ẹni gbé e fún, ìyá kan pè láti Birmingham. Wọn ò gbọ́ pé ẹ ti lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹ bá wọn rán sùtánà fún àwọn ọmọ wọn kí ìkórè tó dé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, àwa méjèèjì sunkún díẹ̀ lórí fóònù, mo wá ní kí wọ́n fi ìwọ̀n àwọn ọmọ náà ránṣẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Brockley, màá jẹun ní ìdúró nínú kíṣìnì, bí ẹ ṣe máa ń fi dandan lé e nígbà tí mo wà lọ́mọdé, torí ẹ ní ọbẹ̀ ata àti aṣọ àlà kì í gbé inú yàrá kan. Màá fọ ọwọ́, màá tún un fọ̀, kí n tó jókòó sórí àga yín. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kó píìnì sẹ́nu, tí ẹ ó sì máa bá mi wí láàárín wọn? Mi ò gbọ́ ju ìdajì ìbáwí yẹn lọ. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí báyìí tí mo bá rí i pé èmi náà ti ń kó píìnì sẹ́nu. Ṣé ẹ ń rí mi? Ṣé ọrùn tí mo ń dá sí sùtánà dára lójú yín, àbí ó ṣì ń wọ́?

Àwọn tó ń béèrè ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan á wọ tirẹ̀ lọ sí ìsìn, ẹlòmíì á rí i, á ní ta ló rán an. Ìjọ kan ní Dublin fẹ́ rán ti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wọn. Ọwọ́ mi nìkan ò ká a mọ́, obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa sì ti wá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí ọmọ òun sùn. Ìgbà náà ni Bísí sọ sí mi lọ́kàn. Bísí tí ẹ kọ́ níṣẹ́ nígbà tí ẹ lọ gbé nílé kí wọ́n lè parí ilé Abẹ́òkúta, tí ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ọkàn ẹlòmíì lọ. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ó rán sùtánà kan, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo tú u wò, mo wò ó síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ rán an, màá gbà.

Bí èmi àti Bísí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é pọ̀ nìyẹn. Èmi ń gba iṣẹ́ níbí, òun àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń rán an lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìjọ Dublin ní ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé ìjọba nìkan ni àwọn lè gbé irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ fún. Èmi náà sì ti ń rò ó pé kò yẹ kí n jókòó sí Peckham kí n máa jẹ́ ọ̀gá, kí Bísí tó ni ọwọ́ máa jẹ́ alágbàṣe. Mo fẹ́ kó ní ìpín tirẹ̀, lórí ìwé, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Arákùnrin tó ń ta aṣọ fún wa ní Rye Lane ní kí n kúkú dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó ní kò le rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tó ń ránṣọ wà ni mo fẹ́ kó ti fìdí múlẹ̀.

Bísí mọ lọ́yà kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń pè é, lẹ́yìn ọ́fíìsì ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni bóyá ẹni tí kò gbé nílé lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nílé. Ó ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ṣì ni mí, mo lè jókòó sí Peckham kí n jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ tó wà ní Abẹ́òkúta, orí kọ̀ǹpútà la ó sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní kí n má ṣe yá àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni pè ní tèmi. Ibi tí mo ń gbé gan-an ni kí n kọ. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé ní Nàìjíríà, ibi tí èèyàn lè kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n lè mú ìwé wá fún un. Àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kò tó.

Mo wá ní kó ṣàlàyé límítẹ́ẹ̀dì yìí fún mi, torí ojoojúmọ́ là ń rí i lára mọ́tò, a ò sì mọ̀ ọ́n. Ó ní lójú òfin, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí èèyàn kan tó dá dúró. Ó lè rà, ó lè tà, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, òun náà sì lè pe èèyàn lẹ́jọ́. Bó bá ṣubú, òun ló ṣubú. Ohun tí kálukú wa bá fi sínú rẹ̀ ló lè bá a lọ, kì í ṣe ibùsùn Bísí, kì í ṣe ilé tí mo ń gbé. Ó wá fi kún un pé àwọn tó ni ín lè kú, kí òun má kú. Mo tẹ fóònù mọ́ etí, Màámi. Lọ́yà rò pé fóònù ti já, ó ń pè mí, ó ń pè mí. Mo wà níbẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ gbólóhùn yẹn ni.

Orúkọ tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni Aṣọ Àlà. Wọ́n ní ó jọ ti ẹlòmíì tó ti wà nílẹ̀ jù. Lọ́yà bi mí bóyá mo ní òmíràn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó kọ Àṣàkẹ́ Aṣọ Àlà, oríkì tí ìyá yín fi ń pè yín. Ẹ dákun, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Ta ni mi ò bá bi?

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ló wá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Pákó ni ṣọ́ọ̀bù Bísí, ẹ̀bá títì ló wà, ìjọba lè ní kó kúrò nígbàkigbà. Mo wá rò ó pé ṣebí ilé yín wà níbẹ̀. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé, mo gbà pé ó ti wà ní títì látìgbà tí ẹ ti lọ. Bísí á ríbi gbé ẹ̀rọ sí, ilé-iṣẹ́ á sì rí àdírẹ́sì. Lójú tèmi, kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé, lọ́jọ́ Àìkú kan tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣàlàyé, mo fi ẹ̀rín sí i. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní rárá. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ jẹun, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ mọ ọmọ yín. Rárá tiwọn, bí òkè Olúmọ ni, ẹnì kan kì í tì í. Mo pè títí, wọn ò gbé e. Bísí lọ kí wọn, wọ́n fún un ní àga àti omi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó débi ọ̀rọ̀. Lọ́yà fúnra rẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé pé kíkọ àdírẹ́sì ilé sórí ìwé ilé-iṣẹ́ kò sọ ilé di ti ilé-iṣẹ́, ti àwọn ọmọ ló ṣì jẹ́. Bọ̀dá ní ó yé àwọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sìn ín dé ẹnu géètì. Rárá náà ni.

Màámi, inú bí mi. Mo ń ru ìbínú yẹn káàkiri Rye Lane bí ẹni ru àpò ìrẹsì. Mo rò pé Bọ̀dá gbà pé mo fẹ́ fi ọgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́, èmi àbúrò wọn kan ṣoṣo. Mo ń bá wọn jà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń bá wọn jà nídìí ẹ̀rọ, wọn ò sì mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, mo tún pè wọ́n, wọ́n sì gbé e. Mi ò tíì kí wọn tán tí mo fi bi wọ́n.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́ ni?"

 Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn wọn.

"Rárá o," wọ́n ní. "Ìwọ ní ibi tí o ti lè lọ kí Màámi. Èmi, yàrá yẹn ni mo ní."

Mo fara ti ògiri kan níbẹ̀, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tí ẹ kú, Bọ̀dá wá físà kí wọ́n lè wá sin yín níbí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fún wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo bá wọn kẹ́dùn nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni mo gbà pé ó ti kọjá. Èmi, tí ẹ bá ń wù mí í rí, màá wọ bọ́ọ̀sì, màá ra òdòdó, màá nu òkúta orí sàréè yín, màá bá yín sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ mi á fi tutù. Bọ̀dá ò ní òkúta kankan. Yàrá tí ẹ máa ń sùn sí tí ẹ bá wálé, ọ̀kan nínú méjì ẹ̀yìn ilé yẹn, ni wọ́n ń ṣí láràárọ̀, wọ́n á gbá a, wọ́n á sì tì í padà. Bísí ló padà sọ fún mi pé ìró yín ṣì wà lórí ìṣó níbẹ̀. Yàrá tó kàn wà ní títì ni èmi pè é.

A ò rí yín gbà bákan náà, àwa ọmọ yín méjèèjì. Èmi lẹ mú wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìwé ìgbélùú yín fi jáde, Bọ̀dá ti ju ọjọ́ orí tí wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn ló dúró nínú oòrùn ti àwọn bíríkìlà títí ilé yẹn fi parí. Ṣé ohun tí ẹ máa ń rò nìyẹn, nígbà tí ẹ bá dédé dákẹ́ nídìí ẹ̀rọ, tí ẹ ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí itan tí ẹ ó máa wo ìta? Mi ò bi yín rí. Òjò ni mo rò pé ẹ ń wò.

Mo sọ fún Bọ̀dá lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan yàrá yẹn, pé a ó wá ibòmíì. Wọ́n ní ó dáa. A ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, mo sì mọ̀ pé ìjà ti tán.

Mo ní kí lọ́yà dúró ná. Ìjọ Dublin ń béèrè ibi tí a bá a dé, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n máa gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíì. Ṣàdéédéé ni Bọ̀dá pè mí, àwọn fúnra wọn, ní ọ̀sán gangan nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti rí ibì kan. Ilé tó dojú kọ tiwa ni, ìyá tó ni ín ti kó lọ bá ọmọ wọn ní Ìbàdàn, àwọn yàrá iwájú sì ṣófo. Bọ̀dá ti yẹ òrùlé wò, wọ́n ti wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, wọ́n ti bá ìyá náà sọ ọ́ pé a máa gbé pátákó síta. Wọ́n tiẹ̀ ti mú Bísí lọ síbẹ̀. Wọ́n ní láti fèrèsé páálọ̀ àwọn lè máa ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ. Mo wọ yàrá ìkàwé àwọn ọmọ lọ, mo jókòó sórí àga kékeré kan, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ olùdarí pẹ̀lú èmi àti Bísí. Òkè òkun ni mo wà, lọ́yà sì ti ní ó máa dára kí ẹni wa kan wà nítòsí tó lè tètè fọwọ́ síwèé. Bọ̀dá ní àwọn ò mọ aṣọ rán. Mo ní ta ló ní kí wọ́n rán an. Bí orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wọlé nìyẹn, ìpín kálukú wà nínú rẹ̀, àdírẹ́sì Peckham níwájú orúkọ tèmi, ti Abẹ́òkúta níwájú tiwọn.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí ìwé ẹ̀rí náà wọ orí fóònù mi. Àṣàkẹ́, ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo kà á títí mo fi gbàgbé ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀. Ẹni tuntun kan ti wà lójú òfin tó ń jẹ́ orúkọ yín. Mo fi han obìnrin tó jókòó tì mí, ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ mi yé e, àmọ́ ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì bá mi yọ̀.

Ó wá ku báńkì. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́ láìfojú kan olùdarí tó wà lókè òkun. Lọ́yà bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Bí ilé-ìwé ṣe gba ọlidé báyìí, mo wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa lọ sílé láìtẹ̀lé yín. Bọ̀dá dúró dè mí ní Èkó. Orí wọn ti funfun, Màámi. Ojoojúmọ́ là ń ríra lórí fóònù, àmọ́ fóònù ò sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n tètè dìde, ilẹ̀ ò mọ́.

Ní báńkì, ọmọkùnrin tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bi Bọ̀dá pé kí ni iṣẹ́ wọn nínú ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n tún kọ́là ẹ̀wù wọn ṣe, wọ́n ní olùdarí ni àwọn. Bísí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ la ti lọ wo ibi iṣẹ́. Wọ́n ti kun ògiri, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin Dublin ti wà lórí okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, funfun báláú. Àwọn obìnrin tó ń ránṣọ ń kí mi ní Aunty Lọ́ńdọ̀nù. Bọ̀dá ń mú mi yíká bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gé gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà, òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Èmi àti Bọ̀dá jókòó sí páálọ̀, à ń mu tíì. Wọn ò wojú mi nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ tí ẹ sin wọ́n, nẹ́tíwọọ̀kì lọ bí wọ́n ṣe gbé pósí dé ẹnu kòtò. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

Mo rò pé wọ́n rí gbogbo rẹ̀ ni, Màámi. Mo ti fi fóònù lé ẹnì kan lọ́wọ́ kó máa gbé e sókè fún wọn. Láti ọjọ́ náà wá, wọn ò béèrè rí.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní ilẹ̀ rọ̀, amọ̀ rúsúrúsú ni, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà àwọn èèyàn. Mo ní sùtánà tí ẹ fọwọ́ ara yín rán la wọ̀ fún yín. Mo ní nígbà tí wọ́n ń sọ yín kalẹ̀, okùn apá kan yá ju èkejì lọ, alàgbà kan sì ní kí wọ́n rọra, pé ìyá ni. Mo ní àwọn ìyá ìjọ ń kọrin, atẹ́gùn ń gbé ohùn wọn lọ, wọn ò sì dákẹ́. Mo ní èmi náà wọ sùtánà, mi ò wọ bàtà, òtútù ilẹ̀ yẹn wọ mí dé eegun, mi ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi bò ó tán. Mo ní mo bu erùpẹ̀ fún ara mi, mo sì tún bu ọwọ́ kan fún wọn. Mo dárúkọ wọn sókè nígbà tí mo dà á sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tó ni ín.

Ife tíì wà lórí orúnkún wọn, wọn ò mu ún. Wọ́n ní kí n tún ti erùpẹ̀ sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe pe orúkọ náà. Mo pè é bí mo ṣe pè é lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Èmi náà ti débẹ̀ báyìí."

Bọ̀dá Délé ní kí n bá àwọn kí yín, Màámi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kì í sú.